Àwọ̀n Olójú Ńlá Kì Í Mú Edé

Ẹ BI BÀBÁ LÁÀBÙ
Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin òǹkàwé, ìdáhùn láti Ẹ̀pẹ́

Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí, ojú ewé wa ò sì fẹ̀ sí i. Ti Ìyá Wàsíù ni mo fi ibi tó pọ̀ jù dáhùn, nítorí ó gba oorun lójú mi. Ẹ̀yin yòókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un mọ́ra.

*Bàbá Láàbù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹja yíyan ni mo ń tà ní ọjà Olúwo, níbí Ẹ̀pẹ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mí. Ó ti tó ọdún méjì tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì ti ń jó mi bí ẹni fi ata rodo pa á. Ọ̀sán sàn díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, mi ò lè fi aṣọ bo ẹsẹ̀. Bí ìró bá kàn án lásán, ńṣe ló ń ta mí. Inú ọpọ́n omi ni mo ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ títí oorun á fi gbé mi lọ lórí àga. Wọ́n ní mo fẹsẹ̀ tẹ nǹkan. Mo ti gba omi lọ́dọ̀ ààfáà, mo ti sín gbẹ́rẹ́. Mo lọ sí ọsibítù kan, wọ́n so wáyà mọ́ ẹsẹ̀ mi, iná ń gbọ̀n mí pẹ̀pẹ̀, wọ́n ní nẹ́ẹ̀fù mi dáa, kò sóhun tó ń ṣe mí. Dókítà ní kí n yéé ronú, pé nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró ló ń dà mí láàmú. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa yẹ ṣúgà mi wò láàárọ̀ kí n tó jẹun, ó jẹ́ 117, ó ní kò tíì di àtọ̀gbẹ. Àbúrò mi tó wà ní Bàtímọ̀ ní Amẹ́ríkà wá sọ lórí fóònù pé lọ́dọ̀ àwọn, wọ́n máa ń gé awọ ẹsẹ̀ díẹ̀ láti fi wádìí irú ìrora yìí. Ẹ̀rù bà mí, Bàbá. Awọ ara èèyàn kẹ̀? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Àti pé bí nẹ́ẹ̀fù mi bá dáa bí wọ́n ṣe wí, kí ló ń jó mi?*
*Ìyá Wàsíù, ọjà Olúwo*

Ìyá Wàsíù, ẹ kú ìrọ́jú o. Ìbéèrè tí ẹ fi kádìí lẹ́tà yín ni n ó kọ́kọ́ mú, torí mo rí i pé ó ń dùn yín ju ẹsẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹja lẹ́bàá ọ̀sà ló yẹ kí ẹ ṣàlàyé èyí fún dókítà yẹn. Bí apẹja bá da àwọ̀n olójú ńlá sómi lóru, tó fà á láàárọ̀ tí kò bá edé kankan nínú rẹ̀, ṣé á wá kéde lọ́jà pé edé ti tán lọ́sà? Wáyà tí wọ́n so mọ́ yín lẹ́sẹ̀, àwọ̀n olójú ńlá ni. Ó dáa fún ẹja tó tóbi. Ohun tó ń bá yín jà ni kò tóbi tó o.

Nẹ́ẹ̀fù ni okùn tó ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ. (Àwọn kan ń pè é ní iṣan, ṣùgbọ́n bí mo bá ní iṣan, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín á máa rò. Ẹ jẹ́ ká fi nẹ́ẹ̀fù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.) Wọn kò tóbi bákan náà. Àwọn tó sanra ní ọ̀rá tó wé mọ́ wọn bí rọ́bà ara wáyà iná. Àwọn ló ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ yín ti kanlẹ̀, kí ẹ lè wọnú ọkọ̀ ojú omi láìṣubú. Ìròyìn tiwọn ń fò lọ ni. Àwọn tó tín-ín-rín jù lọ kò ní rọ́bà lára rárá, ìhòòhò ni wọ́n wà. Àwọn ló ń ròyìn ooru àti ìrora tó ń jóni. Ìròyìn tiwọn ń wọ́lẹ̀ ni, nǹkan bíi mítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó sanra ni ẹ̀rọ oníwáyà ń gbọ́. Bí àwọn tín-ín-rín bá tilẹ̀ bàjẹ́ tán, tí àwọn tó sanra ṣì wà ní ìdúró, èsì á jáde pé ó dáa. Dókítà tó ka èsì yẹn kò parọ́. Ohun tí mo bá a jà lé lórí ni gbólóhùn kejì, pé kò sóhun tó ń ṣe yín. Ẹ̀rọ kò sọ ìyẹn. Òun ló fi kún un.

Níbo wá ni àwọn tín-ín-rín yìí pẹ̀kun sí? Inú awọ ni, àní ìpele òkè pátápátá, èyí tó máa ń ṣí wẹ́wẹ́ bí ọyẹ́ bá dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá wọn nínú awọ.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàbù, a kì í kà wọ́n. Aró tí à ń lò nígbà náà kì í fi wọ́n hàn dáadáa, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí wọn níbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní Yunifásítì Minnesota, William Kennedy àti Gwen Wendelschafer-Crabb gbé iṣẹ́ jáde ní 1993 tó fi hàn bí fọ́nrán nẹ́ẹ̀fù ṣe pọ̀ tó nínú ìpele òkè awọ èèyàn. Ní Johns Hopkins, ní Bàtímọ̀ tí àbúrò yín wà yẹn gan-an, Justin McArthur àti John Griffin pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ kíkà wọn di ohun tí láàbù lè ṣe fún aláìsàn. Àbúrò yín kò sọ àsọdùn. Ìlú tó ti ń pè yín wà lára ibi tí iṣẹ́ náà ti dàgbà.

Ó di ọ̀rọ̀ awọ. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀rù yín níbẹ̀, mi ò sì ní fi yín ṣẹ̀sín. Nílùú tí wọ́n ti ń wá èékánná àti irun èèyàn kiri fún owó òjijì, ẹni tí kò béèrè ni mo máa bẹ̀rù fún. Ohun tí wọ́n ń mú nìyí. Ìta ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gé, sẹ̀ǹtímítà 10 sókè kókósẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á tún mú ọ̀kan ní ìta itan, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá láti ìsàlẹ̀ ni ìbàjẹ́ náà ti ń gòkè bọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gún yín ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú. Abẹ́rẹ́ yẹn ló ń ta èèyàn, gígé fúnra rẹ̀ kì í dunni. Ọ̀bẹ rẹ̀ rí roboto bí ẹnu páìpù, ó fẹ̀ tó mílímítà 3. Kò tó hóró àgbàdo, ó sún mọ́ hóró ọkà bàbà. Wọn kì í sábà rán an; wọ́n á lẹ pílásítà mọ́ ọn, á sì jinná láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Àpá kékeré lè kù.

Láti ibẹ̀ lọ, iṣẹ́ mi ló wọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbádùn ara mi díẹ̀.

Gbogbo ẹran tí wọ́n bá gbé wá bá wa ní láàbù, inú fọ́málínì, omi tí kì í jẹ́ kó jẹrà, ló máa ń wà. Awọ yìí kọ fọ́málínì ojoojúmọ́. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn nẹ́ẹ̀fù ilẹ̀ Yúróòpù gbé kalẹ̀, tí wọ́n tún tún ṣe ní 2010, omi méjì mìíràn ló yàn: èyí tí wọ́n ń pè ní PLP, àti èyí tí wọ́n ń pè ní ti Zamboni. Lẹ́yìn tó bá ti sùn sínú ọ̀kan nínú wọn mọ́jú, wọ́n á gbé e sínú omi ṣúgà (bẹ́ẹ̀ ni, ṣúgà!) kí yìnyín má baà fà á ya nígbà tó bá dì. Bó bá ti dì, wọ́n á máa gé e pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi gé ẹran inú ìda, máíkírọ́nù 4 tàbí 5 sì ni ọ̀gá wa ń fẹ́ (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́nù ló wà nínú mílímítà kan). Bí mo bá gé e ní 50, á ní mo mu ògógóró wá síṣẹ́. Ṣùgbọ́n 50 gan-an ni wọ́n ń gé awọ yìí. Ìdí ni pé fọ́nrán nẹ́ẹ̀fù kì í nà gbọrọ. Ńṣe ló ń wọ́ kiri bí ejò inú koríko. Bí a bá gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, orí á wà nínú ègé kan, ìrù á wà nínú òmíràn, ẹni tó ń kà á ò ní mọ̀ pé ejò kan náà ni.

Lẹ́yìn náà ni aró. Aró yìí ń wá èròjà kan tí wọ́n ń pè ní PGP 9.5, tó wà nínú nẹ́ẹ̀fù gbogbo, yálà ó sanra tàbí ó tín-ín-rín, á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá wo inú maikirosíkóòpù nígbà náà, ẹ ó rí fọ́nrán wọn tí wọ́n ń gun òkè bọ̀ bí ìtàkùn tó ń wá oòrùn.

Kíkà rẹ̀ ní òfin. Ẹ fojú inú wo ẹni tí wọ́n ní kó dúró lórí afárá Ìtóíkín kó máa ka mọ́tò tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́. Èyí tó bá gba orí afárá kọjá lójú rẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ kà. Èyí tó bá bá nínú ìlú, tí kò rí ìgbà tó kọjá, kò kàn án. Bí bọ́ọ̀sì kan bá kọjá, tí èrò inú rẹ̀ fọ́n ká bí wọ́n ṣe dé òdìkejì, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló máa kọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́nrán tó bá la ààlà ìpele méjèèjì awọ kọjá ṣe ń jẹ́ ẹyọ kan, bó tilẹ̀ ya ẹ̀ka mẹ́ta lókè. Iye tí wọ́n bá kà, wọ́n á fi gígùn awọ náà ní mílímítà pín in; ohun tó bá jáde ni èsì. Iye tó dáa fún ẹni ọgọ́rin ọdún kì í ṣe ti ọmọ ogún ọdún, torí ó ń dín kù bí a ṣe ń dàgbà. Tiẹ̀yin obìnrin sì máa ń pọ̀ ju tiwa lọ. Láàbù tí kò bá ní òṣùwọ̀n tọkùnrin tobìnrin àti ti ọjọ́ orí, iye lásán ló kọ sínú bébà fún yín.

Ohun tí wọ́n ń fi awọ ṣe nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ tọ́jú èyí tó ṣẹ́kù fún ìwádìí, ó gbọ́dọ̀ sọ fún yín lọ́tọ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i lọ́tọ̀. Ẹ sì lè ní ẹ ò ṣe, kí wọ́n ṣì tọ́jú yín.

Ẹ ó wá bi mí pé: bí nẹ́ẹ̀fù bá dín kù lẹ́sẹ̀, ṣé kì í ṣe pé ó yẹ kí ẹsẹ̀ kú ni, kí ló dé tó fi ń jóni? Èmi náà bi ara mi bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ rántí wáyà NÉPÀ tó já lẹ́yìn ìjì. Ilé tó ń gbé iná lọ bá ti ṣókùnkùn, àmọ́ wáyà tó já yẹn ń ta pàrà-pàrà lójú títì, gbogbo àdúgbò ń sá. Àwọn nẹ́ẹ̀fù tó fara pa, tí wọn ò tíì kú tán, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ránṣẹ́ iná sí ọpọlọ láìsí iná níbì kan. Ara wọn ní ẹnu-ọ̀nà tíntìntín tí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé láti fi tan iṣẹ́ náà. Ní 2012, àwọn olùwádìí ní Netherlands àti Amẹ́ríkà rí i pé nínú àwọn tí wọn ò mọ ohun tó fa ìrora wọn, àwọn kan wà tí wọ́n bí ẹnu-ọ̀nà tó ń tètè ṣí jù mọ́. Nítorí náà iye fọ́nrán kì í sọ bí ìrora ṣe pọ̀ tó. Mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí èyí dáadáa, torí ẹnì kan lè ka iye yín lọ́jọ́ kan kó ní kò burú tó bẹ́ẹ̀.

N ó jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé iyanrìn gbígbóná wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ òun. Òun náà, wọ́n ní ó tẹ nǹkan. Èmi tí mo ń jẹ́ ọmọ láàbù, mo rẹ́rìn-ín, mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù, kó ra bàtà tó rọ̀. Ó lé lọ́dún kan kó tó di pé a yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, ìyẹn náà jẹ́ nítorí pé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ń rùn. Mo ti gé awọ àìmọye èèyàn ká tó débẹ̀. Mo jókòó ti ìrora lójoojúmọ́, mi ò mọ̀ ọ́n nínú ilé wa.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí ẹ wá owó ọkọ̀ òfuurufú. Ìyá Wàsíù, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí 117 yẹn. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kò parọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Láti 126 sókè láàárọ̀, bó bá rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n tún un wò, àtọ̀gbẹ ni. Láti 100 sí 125, ẹnu ọ̀nà àtọ̀gbẹ lẹ dúró sí, àwọn fọ́nrán tín-ín-rín sì lè ti máa jìyà láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ti oní wákàtí méjì fún yín: ẹ ó mu gúlúkóòsì gíráàmù 75, ẹ ó jókòó, wọ́n á tún un yẹ̀ wò. Bó bá wà láàárín 140 sí 199, ọ̀rọ̀ ti ń yé wa bọ̀.

Mo fẹ́ràn ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Utah, ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2006. Ènìyàn 32 tí wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gé awọ wọn. Wọ́n wá kọ́ wọn ní oúnjẹ àti eré ìmárale fún ọdún kan, wọ́n tún gé e. Fọ́nrán nẹ́ẹ̀fù ti ń hù padà, pàápàá ní itan, ìrora sì ń lọ sílẹ̀ lára àwọn tí tiwọn hù. Nẹ́ẹ̀fù ń hù! Bí kì í bá ṣe awọ tí wọ́n gé lẹ́ẹ̀mejì, ta ni ì bá gbà wọ́n gbọ́? Iṣẹ́ tí mo rí pé gígé awọ ṣe jù nìyẹn, ó jẹ́rìí sí ohun tí aláìsàn nìkan ń sọ tẹ́lẹ̀.

Ṣúgà nìkan kọ́ ló ń jẹ nẹ́ẹ̀fù o. Ẹ ní kí wọ́n yẹ fítámì B12 wò, àti tọ́rọ́ìdì tó wà lọ́rùn, àti kòkòrò HIV (ẹ má bínú sí mi). Bí ẹ bá ti lo oògùn ikọ́ ìfe rí, tí ìsóníásíìdì wà nínú rẹ̀, ẹ sọ ọ́. Ògógóró wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ojú awọ kan bá funfun lára yín tí ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un tí kò dùn yín, ẹ tètè fi hàn wọ́n. Ẹ̀tẹ̀ ń gbé inú nẹ́ẹ̀fù awọ, oògùn rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí wọn kò bá rí nǹkan kan, tí ẹ sì ń jóná síbẹ̀, ìgbà náà ni gígé awọ tó sọ̀rọ̀. Kí ẹ tó gbéra, ẹ bi dókítà nẹ́ẹ̀fù ní ìbéèrè méjì: omi wo lẹ ń rì í sí, ta ló sì máa kà á? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ fi awọ yín sílẹ̀ sára.

Ní ti alẹ́ òní: parasitamọ́ọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ìrora nẹ́ẹ̀fù. Àwọn tí wọ́n ń lò fún un ni amitriptyline, duloxetine, gabapentin àti pregabalin. Dókítà ló ń yàn án, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, torí wọ́n ń mú òòyì kọ́ àgbàlagbà. Ẹ má ra tramadol lọ́wọ́ ọmọ tó ń fi báàgì kiri. Ẹ yéé sùn sínú ọpọ́n omi, awọ tó bá rin ń tètè là. Ní ìdí ààrò ẹja yín, ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka. Ẹsẹ̀ tó ń jóni lóru yìí kan náà lè tẹ ẹyin iná lọ́sàn-án kí ẹ má mọ̀.

*Bàbá, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní Nọ́fọ́rìjà. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ṣèwádìí àrùn nẹ́ẹ̀fù kan ní Ẹ̀pẹ́ wa yìí nígbà kan, pé ẹ̀gẹ́ ló fà á. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé òun ló ń mú ẹsẹ̀ jóni?*
*Tíṣà, Nọ́fọ́rìjà*

Tíṣà, òótọ́ ni, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ kíláàsì yín mọ̀ ọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn, ọmọ Òkèmèsí ní Èkìtì, ló ṣe é. Ní 1968 ó kọ nípa àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí àwọn mìíràn sì ń di. Ní 1969, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín ará Ẹ̀pẹ́ jáde. Wọ́n so ó mọ́ oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí oró sáyánáìdì inú rẹ̀ kò tán dáadáa. Àwọn olùwádìí mìíràn bá a jiyàn lẹ́yìn náà, pé ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀gẹ́ nìkan lọ. Àmọ́ ìyá tó bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀, tó rin ín, tó jẹ́ kó kan, tó sì yan án dáadáa, oró yẹn ti ń dín kù lọ́wọ́ rẹ̀. (Ará Ìjẹ̀bú tó ní gàrí tí kò kan kì í ṣe gàrí, ó ní ọgbọ́n nínú láìmọ̀.)

Ìbéèrè yín kejì: kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn nẹ́ẹ̀fù tó sanra ni tiwọn. Ẹ ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó di ojú, á fẹ́ ṣubú. Ti Ìyá Wàsíù lè di ojú títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní mì. Àmọ́ kò ní sùn. Àwọ̀n olójú ńlá á mú ti àkọ́kọ́.

*Bàbá Láàbù, bí wọ́n bá gé awọ mi, tí wọ́n ní fọ́nrán rẹ̀ pé, ṣé irọ́ ni mo ń pa fún ìyàwó mi pé ara ń ro mí ni?*
*Ọkọ Ìyàwó, Ẹ̀jìnrìn*

Rárá. Ojú kan ni wọ́n gé, mílímítà mẹ́ta péré. Fọ́nrán lè pé kó má ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ìrora sì lè wá láti ibòmíràn tí kì í ṣe nẹ́ẹ̀fù awọ rárá. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ fi lẹ́tà yìí han ìyàwó, kó má baà jẹ́ pé èmi ni yóò máa bú.

*Ẹ kú àárọ̀, sà. Àtọ̀gbẹ ti wà lára ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin láti bí ọdún mọ́kànlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń jó o. Ọgbẹ́ rẹ̀ kì í tètè jinná. Ṣé ká jẹ́ kí wọ́n gé awọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun? Owó wà díẹ̀.*
*Àbúrò, Àgbòwà*

Àbúrò, ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n. Ẹ má gé e. Ẹni tí a ti mọ̀ pé ó ní àtọ̀gbẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ń jó bẹ́ẹ̀, ohun tí awọ máa sọ, a ti mọ̀ ọ́n. Ti ẹni tí a ò mọ ohun tó ń ṣe é ni mo ń wí lókè. Ẹsẹ̀ tí ọgbẹ́ kì í tètè jinná lára rẹ̀, ẹ má dá ihò kún un. Bó bá ti ń lo metformin pẹ́, ẹ ní kí wọ́n yẹ B12 rẹ̀ wò, oògùn yẹn lè fà á wálẹ̀.

Owó tó wà yẹn, ẹ fi ra bàtà tó fẹ̀ níwájú, tí kò ní okùn láàárín ìka, àti ìbọ̀sẹ̀ funfun tí ẹ̀jẹ̀ bá kàn á á hàn. Lálaalẹ́, kí ẹnì kan nínú ilé mú tọ́ọ̀ṣì wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ àti àárín ìka. Láàárọ̀, kó tó wọ bàtà, ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé iwájú, ẹ fi wá a yí ká. Lọ́jọ́ kan mo bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bọ́ bàtà nígbà tó ti ọjà dé, mo bá ìṣó ìnṣì kan tó ti ìsàlẹ̀ gún un wọlé. Ó ti wọ̀ ọ́ lọ, ó ti wọ̀ ọ́ bọ̀, ó ń bi mí pé ṣé ẹja tí òun rà fún mi tó.